Omi Inú Afárá

Houghton, ní Míṣígàn. Oṣù Èrèlé.
Yìnyín ti gun ògiri dé ojú fèrèsé,
aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, èmi àti kọ̀ǹpútà la jọ jí.
Mo kọ́ ẹ́ńjìnnì kan síbẹ̀ tí kò ní irin,
tí kò mu dísẹ́lì, tí kò rùn,
ìṣirò ní í jẹ, ìṣirò ní í yà.
Mo so páìpù mọ́ ọn nídìí,
mo gbé afárá sínú páìpù,
afárá tí oyin kankan ò wọ̀ rí,
ihò rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ojú asẹ́,
wọ́n fi pílátínọ̀mù pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́
bí ẹní fi òrí pa ọmọ tuntun.
Èéfín á gba ibẹ̀ kọjá, á fi ìwà burúkú sílẹ̀.

A tún máa ń fọ́n ìtọ̀ sí i.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èròjà inú ìtọ̀ gan-an ni,
inú ike ni wọ́n ń rọ ọ́ sí tà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀.
Nígbà tí mo ṣàlàyé fún màmá mi lórí fóònù,
ó dákẹ́ títí, ó ní:
"Ilẹ̀ Ìlárá tí mo tà, torí ìtọ̀ ni?"

Ṣùgbọ́n afárá tútù kò mọ iṣẹ́ ṣe.
Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun,
ó lajú sílẹ̀, kò rí nǹkan kan.
Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn lọ̀tá mi:
bọ́ọ̀sì iléèwé á jí ní kùtùkùtù,
àwọn ọmọ á tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fìlà onírun,
ohun tó bá ti ẹnu páìpù jáde, imú wọn ló ń wọ̀.

Mo bi ẹ́ńjìnnì oníṣirò: ìgbà wo lo máa gbóná?
Ó ní: àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá.
Mo gbà á gbọ́. Ta ni kì í gba ọmọ ara rẹ̀ gbọ́?

Ní yàrá ìsàlẹ̀, Reino Heikkinen ṣáná sí ẹ́ńjìnnì gidi.
Ilẹ̀ mì. Kọfí inú ife mi gbọ̀n.
Àádọ́rùn-ún kọjá. Ọgọ́rùn-ún. Àádọ́jọ.
Ìlà pupa gùn dé bí àádọ́ta,
ó jókòó.
Ó jókòó bí àgbẹ̀ tó rí ibòòji.
Igba ó dín mẹ́wàá kó tó dìde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú ìṣirò mi palẹ̀.
Mo fura sí irin, mo fura sí atẹ́gùn,
mo fura sí Reino pàápàá.
Lọ́jọ́ kẹrin ó pè mí, "Mórì"
(ẹnu rẹ̀ kò gba Mọ́rẹ́nikẹ́),
"wá wo nǹkan."
Ó nawọ́ sídìí páìpù.
Omi ń kán. Tó. Tó. Tó.
Kì í ṣe epo. Omi lásán, ó mọ́ gaara.
Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, kò sọ nǹkan mìíràn.

Ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà dé bá mi níbẹ̀:
òwúrọ̀ òjò, igi àyùnrẹ́ tútù nínú ààrò,
èmi tí mò ń fẹ́ iná títí ojú mi fi pọ́n,
omi tó ń hó nídìí igi, tó ń yọ ìfófó bí ọṣẹ,
àti ohùn rẹ̀: "Fi í sílẹ̀.
Omi rẹ̀ ló ṣì ń bá iná jà."

Epo tó bá jóná a máa bí omi, mo kúkú mọ̀ ọ́n nínú ìwé.
Afárá tútù ló gbé omi náà mì,
ooru sì gbọ́dọ̀ san gbèsè omi
kó tó lè ra nǹkan kan fún ara rẹ̀.
Ìlà kan péré ni mo fi kún ìṣirò.
Mo tún bi í.
Ó ní: igba ó dín mẹ́rìnlá.

Mo pe Reino. Ó mi orí, ó lọ wá kọfí.
Òtítọ́ dé, àmọ́ òtítọ́ ò gbóná:
ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó lé díẹ̀,
ìyẹn la mọ̀ báyìí, a ò tíì wo nǹkan kan sàn.
Lẹ́yìn gíláàsì, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè ti jí,
ọmọ kan ti gbé báàgì dé ẹ̀yìn rẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà láìmọ̀:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin