Ẹran Tó Sunkún Nínú Páànù

Lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ dáná nílé wa ní Busan,
afẹ́fẹ́ òkun ń fi eyín gé ènìyàn létí.
Ìyá wà lọ́jà ẹja, ó ń yọ ìpẹ́,
kò ní í dé kí aago méje tó lù.
Bàbá ní, "Gyucheol, mú ọ̀bẹ wá."
Ẹni tó fi ogún ọdún jó irin ọkọ̀ ojú omi mọ́ra,
tí wọ́n wá ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ Ajé,
ló di ẹran màlúù mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ó ti fi í sínú fìríìjì kó le díẹ̀.
"Wo iṣan yìí, bó ṣe tò lọ bí ìlà ara pákó.
Má bá a lọ. Ìbùú ni kó o gbà."
Ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí mo fi rí iná gílóòbù láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ata wà: èyí tí ìyá ìyá mi sin sínú ìkòkò amọ̀
títí ó fi ki bí oyin, tó ń rùn bí irú tó gbó.
Aáyù wà, atalẹ̀ wà.
Àlùbọ́sà wà, ó sì ti pa wá lẹ́kún tán.
Ṣúgà ni kò sí.
Èèrà kan ṣoṣo ló ń rìn nínú ike rẹ̀
bí ẹni tó wá gba gbèsè.

Mo sáré kan ilẹ̀kùn Màmá Tak nísàlẹ̀.
Àtọ̀gbẹ ti lé ṣúgà kúrò nílé tirẹ̀.
Píà ló fún mi, kì í ṣe èyí tó lọ́ràá o,
èyí tó rí roboto, tí awọ rẹ̀ rí bí iyanrìn, tó kún fún omi.
"Ẹ rin ín. Yóò ṣe ju ṣúgà lọ."

Bàbá rin ín sórí ẹran,
ó bu omi sóyà dúdú sí i, òróró yànmọ̀tí,
ata tó ki náà, ṣíbí méjì,
ó wò mí lójú, ó fi ẹ̀kẹta kún un.
"Bàbá…"
"Dákẹ́. Òtútù mú."

Páànù gbóná títí ó fi ń rú èéfín.
Ó wá da gbogbo ẹran náà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbà!
Ariwo tó bẹ̀rẹ̀ bí òjò lórí òrùlé
kú pátápátá.
Ẹran sunkún. Omi sun jáde, ó ń hó, ó funfun bí ọbẹ̀ aláìsàn.
Bàbá dúró tòun ti ṣíbí igi.
Bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Ajé nìyẹn,
tòun ti àpótí irinṣẹ́.

Èmi ni mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kó ìdajì kúrò."
A kó o. Omi náà, a dà á sínú abọ́.
Iná gba agbára rẹ̀ padà. Ìdajì àkọ́kọ́ kan irin, ó ké ṣàà,
etí rẹ̀ pọ́n, píà lẹ̀ mọ́ ọn bí oje igi,
ata gbéra sókè, a jọ sín, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.
A gbọ́ tí Màmá Tak náà sín.
Ó kan ìdajì kejì. Lẹ́yìn náà, omi inú abọ́, títí ó fi gbẹ, tó ń dán.

Ìyá wọlé, ìpẹ́ kan ń kọ mànà létí irun rẹ̀.
Ó wo páànù. Ó wo awọ àlùbọ́sà nílẹ̀.
Kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù, ó jẹun.
Adùn ló kọ́kọ́ dé, mo rí i lójú rẹ̀;
ata ń bọ̀ lẹ́yìn, kò kánjú.
"Ṣé ó dùn?"
Kò dá bàbá lóhùn. Ó da ìrẹsì tútù sínú páànù,
ó ha gbogbo èyí tó jóná mọ́ ìdí rẹ̀,
ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, imú rẹ̀ pọ́n.
Ìgbà yẹn ló tó sọ̀rọ̀:
"Ìwọ lo máa fọ̀ ọ́.
Lọ́la, jẹ́ kí ata mọ ní ṣíbí méjì."