Tábìlì tí Ọkọ Mi Kàn

Fada, tábìlì tí ẹ ń tẹ́ aṣọ funfun lé nì,
ọkọ mi ló kàn án, lọ́dún tí ìjì ṣí ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí ní Òkè-Àgbò.
Ìrókò ni. Ó fá a fún ọjọ́ mẹ́sàn-án,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá ẹ̀gún kiri lára rẹ̀
kí ó má baà gún yín nígbà tí ẹ bá ń gbé Olúwa sókè.
Kò gba kọ́bọ̀.
Ẹ súre fún un. Ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbẹ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá tò,
èmi a la ẹnu,
òun a ká apá méjèèjì lé àyà bí ẹni òtútù mú.
Ẹ ó gbọ́wọ́ lé e lórí, ẹ ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà.
Ó ń lọ. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kọjá
bí àlejò tí wọ́n fún níjòókòó, tí wọn ò bu oúnjẹ fún.

Kì í ṣe pé kò ní ìjọ.
Úyò ló ti bá Lútérà pàdé, nídìí iṣẹ́ pákó,
ó gbé e wálé pẹ̀lú ayùn méjì
àti ìwé orin tí ikán ti jẹ létí.
Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, nínú kíláàsì kan,
ìṣirò àwọn ọmọ ṣì wà lójú pátákó.
Ọjọ́ tí mo sìn ín lọ, Pásítọ̀ Étúkúdò
gbé ife bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín.
Èmi ni mo wolẹ̀.
Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n wolẹ̀, Fada.

Wọ́n ní àwọn àgbà ìjọ méjèèjì ti jókòó,
wọ́n ti fọwọ́ síwèé pé oore-ọ̀fẹ́ kan náà ló gbà wá là.
Mo gbọ́. Mo ṣàmín.
Ṣùgbọ́n àwo kan la ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ láti ọdún mọ́kànlélógójì.

Nígbà kan, mo fẹ́ pa ìdajì mọ́ sábẹ́ ahọ́n, kí n gbé e lọ bá a nílé.
Mo gbé e mì.
Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù yín.

Mo sọ fún un. Kò bínú.
Ó ní ilẹ̀kùn tó mu òjò, tó wú, a kì í fipá tì í;
à ń dúró dọyẹ́ ni, ká tó fá etí rẹ̀.
Mo ní: Bàbá Ọlátóún, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin,
ọyẹ́ mélòó ló kù?

Kò dáhùn. Ó ń pọ́n ojú ìfági.