Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé

Aago mọ́kànlá alẹ́. Mo kọ ọ́: ọmọ ti sùn.
Ọmọ kò sùn.
Ó dojú kọ ògiri, ó ń fi èékánná fa ìlà kan
sára ọ̀dà, ìlà tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ títí dé ìdí fèrèsé.
Ó ní odò àwọn ni.
Ó ní ibi tó ti tẹ̀ yẹn,
ibẹ̀ ni bàbá àgbà òun máa ń so ọkọ̀ mọ́.

Ilé yìí wà lẹ́yìn ojú irin ní Winnipeg,
yàrá mẹ́rin, kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án.
Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń sanwó fún mi
kí n máa ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ,
kí n yọjú lẹ́nu ọ̀nà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
kí n sì kọ ohun tí mo bá rí.

Teegan Ouskan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ilé keje rèé.
Ọ̀rá dúdú méjì ló gbé wá,
irú èyí tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí:
bàtà yìnyín kan, tẹsẹ̀ òsì,
àti fọ́tò àbúrò rẹ̀ tí omi ti jẹ létí.
Àbúrò wà ní Brandon, tàbí ó ti kúrò ní Brandon.
Fáìlì kò sọ.
Fáìlì sọ pé ó ń tọ̀ọ́lé,
pé ó ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.
Kò sọ orúkọ odò.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.
Mo wo ọ̀rá méjì yẹn, mo rò ó títí.
Ẹ̀yin àgbà, ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?
Ẹni tí mọ́tò ìjọba gbé kó tó jí lójú oorun?
Òwe yín kò tíì dé ìhín.

Sátidé ni ọjọ́ fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Kókum ló ń pe ìyá ìyá rẹ̀.
Ohùn obìnrin náà jìn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò.
Ó ní, "Gbé e fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ."
Ó béèrè orúkọ mi. Ó ní kí n tún un pè,
ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.
Mo ní, Yéwándé. Ìyá wá mi dé.
Ó dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já ni.
Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi, nọ́ńbà kọkànlélógójì ni wọ́n ń pè mí
nílé ìwé àwọn Sísítà.
Ìyá mi fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́ta.
Wọ́n ní kó dúró lẹ́yìn ọgbà."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé. Mo jẹ́ kó di mẹ́tàdínlógún.
Ìyẹn náà, n kò kọ ọ́.

Aago mẹ́ta òru. Ó ṣì la ojú sílẹ̀.
"Ṣé ìwọ náà ní ọmọ?"
Mo ní, ọ̀kan, ọkùnrin, ó wà ní Ìkìrun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.
"Ta ló gbà á lọ́wọ́ rẹ?"
Mo ní kò sẹ́ni tó gbà á.
Èmi ni mo fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe.
Ó wò mí bí àgbàlagbà ti ń wo ẹni tó ń purọ́ fún ara rẹ̀.
Ó tọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí,
ó fa ègé búrẹ́dì kan yọ, ó nà án sí mi:
"Fi ránṣẹ́ sí i."

Aago mẹ́fà. Mo kọ ọ́: ọmọ sùn dáadáa, kò sí ìṣẹ̀lẹ̀.
Ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi rí ìlà lára ògiri,
ó ní Mọ́ńdè ni oníṣẹ́ ọ̀dà ń bọ̀.
Mo wọ kóòtù, mo jáde sínú yìnyín,
mo dúró de bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò,
búrẹ́dì náà le bí òkúta odò,
n kò sì lè jẹ ẹ́,
n kò sì lè sọ ọ́ nù.