Eyín Tó Kú Lẹ́nu Dùùrù

Èmi ni mo máa ń fín ẹwìrì dùùrù
fún Esekíẹ́lì Fámákinwá, ní Èfọ̀n Alààyè.
Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọyẹ́ ń ti orí òkè bọ̀,
á ní, "Ọmọ yìí, fín in, má sùn."
Eyín kan ti kú lẹ́nu dùùrù náà.
Tí ìka rẹ̀ bá débẹ̀,
á fi ẹnu kùn ún, á sì máa bá orin lọ.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan: "Ṣé o gbọ́ ohun tí à ń kọ?
A fẹ́ pe ọkọ̀,
orin òyìnbó gbé e sókè, ó di ọkọ́.
Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń yin ọkọ́ Nóà!"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó di akọ̀wé rélùwéè l'Ékòó.
Atukọ̀ kan ta sasofóònù fún un,
ìda ni wọ́n fi dí ojú ihò rẹ̀.
Nínú jáàsì ló ti bá ohùn tó ń tẹ̀ pàdé,
ohùn tó ń yọ̀ láti òkè bọ́ sísàlẹ̀
bí ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ní, "Ọ̀kún o."
Ó rékọjá òkun,
ó kọ́ bí a ti í to ogójì fayolíìnì sójú ewé kan.

Ọjọ́ Ìkórè tó padà dé,
sasofóònù dìde láàárín ẹgbẹ́ akọrin.
Bàbá Ìjọ ké: "Ilé ọtí ni, àbí ilé Ọlọ́run?"
Kò dáhùn. Ó ń fọn ún lọ.
Lẹ́yìn pátápátá, ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀wé
jẹ́ fèrè lóhùn: "Hòo! Mo gbọ́."

Oníròyìn kan bi í:
"Ṣé bí omi Ìkògòsì ni, gbígbóná àti tútù?"
Ó ní, "Rárá o.
Omi kì í jìyà kó tó pàdé."

Ìṣirò ló fi ń jẹun, ní Ìjerò.
Agolo bisikíìtì ni orin rẹ̀ ń gbé.
Ìdérí rẹ̀ ṣí, ikán wọlé, ó jẹ apá kejì tán.
Ó ní, ó kéré tán, ikán kà á dópin.

Wọ́n ti ra dùùrù oníná báyìí,
kò wá ẹni tí yóò fín ẹwìrì.
Gbogbo eyín rẹ̀ ló pé.
Síbẹ̀, tí orin bá débẹ̀,
ẹnu mi a máa kùn.