Eyín Kẹtàlá

Inú agolo mílíìkì ńlá ni mo ti bá a,
lábẹ́ ibùsùn ìyá mi,
wọ́n fi ẹ̀wù rélùwéè wé e bí ọmọ tuntun:
kẹ̀kẹ́ ìwọ̀ bàbá mi,
idẹ tó ti wọ aṣọ ewé,
tí kò yí mọ́, tí kò fọhùn mọ́.
Mo mì ín létí.
Iyanrìn Ọ̀yun ṣì ń dún nínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé apẹja ni wá.
Ọ̀fà ni wá, ìjàkadì lorò wa.
Àsíá ni bàbá mi ń jù ní téṣàn,
ọkọ̀ ojú irin á gbéra, á lọ sí Ìlọrin.
Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá kọjá
ni yóò gbé ọ̀pá kọ́ èjìká,
yóò lọ bá omi jà.
Omi a máa dá a nígbà míràn.

Maṣíìnì ìránṣọ ni mò ń tún ṣe ní tèmi.
Mo mọ irin tí ebi epo ń pa.
Mo tú u sórí ìwé ìròyìn,
mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì fún òru méjì,
mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ìpẹtà,
mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idẹ
títí ó fi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àgbàlagbà.

Sípíríǹgì ti kú.
Mo gé egungun agbòjò, mo fi iná sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣẹ́.
Mo gé òmíràn. Ó ṣẹ́.
Ẹ̀kẹta gbọ́ràn.
Awọ tó ń di okùn mú ti jẹrà;
mo gé òmíràn lára sálúbàtà ọkọ àbúrò mi
(kò tíì mọ̀).

Ó wá ku eyín.
Mẹ́tàlá ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Mo kà á: méjìlá.
Ojú ẹ̀kẹtàlá dán bí erìgì.
Mo gbé e lọ bá Ṣéú ayọ́dẹ, lẹ́yìn Ìpàtà, n'Ílọrin.
Ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó tún bú mi:
"Ẹja tóo máa pa ò ní tówó yìí láéláé."
Ṣùgbọ́n ó fi fáìlì gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ìrẹsì.

Mo tò ó padà. Girísì díẹ̀. Mo yí i.
Kẹrẹrẹrẹrẹrẹ.
Ó ń lọ geere
bí ọmọ kéú tó ti há wàláà rẹ̀ sórí.

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́.
"Ta nìyẹn?"
"Kẹ̀kẹ́ Bàbá ni."
"Rárá o. Ti bàbá rẹ a máa kọsẹ̀.
Kẹrẹrẹ, kó! kẹrẹrẹ.
Á máa yí i bọ̀ lọ́nà bí ọmọdé,
láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ,
n ó ti gbé omi ọbẹ̀ kaná
kí n tó mọ̀ bóyá ẹja wà."
Ó dákẹ́.
"Èyí dáa. Ti ẹlòmíràn ni."

N kò sùn.
Sípíríǹgì, ti agbòjò. Awọ, ti sálúbàtà. Eyín, ti Ṣéú.
Ọwọ́ ìyípo nìkan ló kù,
igi dúdú tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti gbẹ́ kòtò sí.
Mo ki tèmi bọ̀ ọ́.
Àyè ṣẹ́kù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún un tú,
mo dá oníméjìlá padà sáyè rẹ̀.
Iṣẹ́ Ṣéú wà nínú agolo Róòbù, nínú àpò mi,
ó ń dún wọroworo.

Mo jókòó sétí Ọ̀yun títí oòrùn fi rọ̀.
Ọ̀rá píọ́wọ́tà kan ṣoṣo ni mo fà jáde.
Mo ń yí i bọ̀ nílé,
kẹrẹrẹ, kó! kẹrẹrẹ,
mo dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
mo sì rí èéfín
tó ń jáde lẹ́yìnkùlé wa.