Ìlà Pupa

Òjò dídì ń bọ́ sórí Tbilisi.
Tíì Manana ti tutù lórí tábìlì,
ó ń kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ Zurab:

"Ohùn rẹ dé ìjókòó ẹ̀yìn,
ojú rẹ kò dé ibì kankan.
Ẹkún rẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó túfọ̀.
Ta ní ń káwọ́ lórí báyìí nílé yín?
Nígbà tí o gbé bàtà ọmọ náà,
o gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn…"

Ó fa ìlà pupa sábẹ́ *gbàgbé*.
Gègé dúró.

Bàtà yẹn,
ó dì í mú bí ẹni mú ẹyin.
Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.
Òun tó ti wo ọgọ́rùn-ún bàbá lórí ìtàgé
kò rántí mí èémí.

Ó pa á rẹ́. Ó kọ:
"Ibí yìí gan-an. Má gbìyànjú ẹ̀ mọ́."
Ó pa ìyẹn náà rẹ́.

Àyè máàkì ṣì ṣófo.