Ojú Ìwé Kọkànlélọ́gbọ̀n

Òjò ọjọ́ kẹta rèé lórí Montevideo.
Odò tó fẹ̀ bí òkun ń gbá ògiri etí omi lábàrá,
èmi sì jókòó ní àjà kẹta
níwájú àpò lẹ́tà tí ẹnu rẹ̀ kò pa dé.

Ogójì ojú ìwé la tẹ̀ lóṣù tó kọjá
lórí ilé iṣẹ́ ẹran inú agolo tó kú sétí odò.
Ogójì gbáko, àwòrán mẹ́ta péré.
Àwọn òǹkàwé ti wá sọ tẹnu wọn.

Washington Olivera, tó ń ta oògùn láti ìlú dé ìlú,
kọ tirẹ̀ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì:
"Mo wọ bọ́ọ̀sì lálẹ́, mo sọ̀ ní Salto láfẹ̀mọ́júmọ́,
ẹ ò tíì pa màlúù àkọ́kọ́!"

Nélida Bentancor, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
kọ ojú ìwé mẹ́fà láti fi sọ pé ọ̀rọ̀ wa gùn jù.
Ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbólóhùn kan:
"Èyí wọlé láàárọ̀, ilẹ̀ ṣú, kò tíì jáde."
Síbẹ̀ ó fún wa ní méje nínú mẹ́wàá.

Ẹnì kan tí kò kọ orúkọ:
"N kò kà á. Àmọ́ n kò fara mọ́ ọn."

Oníbúrẹ́dì kan ní Rivera ní òun ń kà á
bí ìyẹ̀fun bá ń wú lọ́wọ́,
ojú ìwé méjì sí àwo búrẹ́dì kan.
"Ẹ má gé e kúrú.
Ọjọ́ tó tán, ìdákẹ́jẹ́ ilé ìdáná mi pọ̀ jù."

Elbio ọ̀gá wa ń ka lẹ́tà bí ẹni ń ka owó ìtanràn:
mélòó ló ní ó gùn, mélòó ló ní ó dáa?
Ó ń fa igi sórí bébà,
igbá màtẹ́ rẹ̀ ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.
"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó fún ọmọlúwàbí," ló wí,
ó sì na sísọ́ọ̀sì sí mi bí ẹni na ṣíbí sọ́mọ.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé nínú àbọ̀ kejì?

Kí n jẹ́wọ́: èmi ni mo fẹ́ gé ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n.
Orúkọ ni, látòkè délẹ̀,
àwọn tó ṣiṣẹ́ ní yàrá yìnyín,
orúkọ tẹ̀ lé orúkọ bí ẹran lórí ìkọ́.
Mo ní ta ni yóò kà á?
Oorun ló kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà,
ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́.
Oorun ni. Kì í ṣe inú rere.

Àpòòwé tó gbẹ̀yìn ti jẹ́ iṣẹ́ rí,
wọ́n tún un lẹ̀ pẹ̀lú àtè ìyẹ̀fun.
Paysandú ló ti wá, lọ́wọ́ Ondina Fagúndez.

"Ojú mi kò gbà á mọ́.
Ọmọ ọmọ mi ló ń kà á fún mi lálaalẹ́,
díẹ̀díẹ̀, títí a fi dé ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n.
Aníbal Techera, ọdún mọ́kàndínlógún nínú òtútù.
Ọkọ mi ni.
Ẹ gbàgbé H nínú orúkọ rẹ̀. Kò burú.
Láti ìgbà náà a kò tíì ṣí ewé tó kàn.
Ọmọ náà fẹ́ mọ bó ṣe parí.
Mo ní kó fi sùúrù, a ṣì wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo ká a.
Mo tún tú u.

Elbio ń dúró, pẹ́ńsùlù ti kan bébà:
"Èyí ńkọ́? Ó gùn jù, àbí kò gùn jù?"

"Kò gùn tó," ni mo dá a lóhùn.
"Ó fi lẹ́tà kan kúrú."